Kòròfo ọta Martini-Henry bàbá àgbà: ṣé a ṣì lè rí irú ẹ̀, ṣé a lè tún un kì?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó (ọjọ́ Àìkú, aago 8:40 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ìbọn àtijọ́ ni mo ń wá, ẹ jọ̀ọ́.

Òjò ti ba àjà ilé wa jẹ́, la bá pe káfíńtà. Àwọn ni wọ́n bá àpótí irin kan lókè níbẹ̀. Ìbọn kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n fi kíjìpá wé, àpò awọ kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí kòròfo ọta mẹ́fà wà nínú. Kòròfo ni mo wí o. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ti yìn, kò sí ẹ̀tù, kò sí òjé. Lára ìbọn náà, lápá ọ̀tún, wọ́n fín adé sí i, V.R. wà lábẹ́ adé, Enfield tẹ̀lé e, ọdún 1881 tẹ̀lé ìyẹn, lẹ́yìn náà III. Kì í ṣe ṣakabùlà tí à ń kì lẹ́nu. Irin gbọọrọ kan wà lábẹ́ ìdí ẹ̀, tí ẹ bá fà á wálẹ̀, ihò kan á ṣí lókè. Ibẹ̀ lọta ń gbà wọlé.

Mo wọn kòròfo kan. Ó gùn tó mílímítà 59. Ìdí ẹ̀ sanra, ètè tó yí ìdí náà ká fẹ̀ tó mílímítà 19, ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé òkè, ara ẹ̀ á fún wọlé bí ọrùn ìgò. Wọ́n tẹ KYNOCH àti 577/450 sí ìdí ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé nìyí. Bàbá mi ti pé ọdún 88. Nígbà tí wọ́n rí ìbọn yẹn, wọn ò lè sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Wọ́n wá ní ìbọn bàbá àwọn ni. Ọjọ́ ìsìnkú ìyá àgbà, nígbà táwọn wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, làwọn gbọ́ ọ kẹ́yìn. Bàbá àwọn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé, wọ́n yìn ín lẹ́ẹ̀mẹfà. Kòròfo mẹ́fà náà nìyẹn. Wọ́n ní káwọn tó lọ, àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo ti gbé kòròfo kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan tó ń ta ọta fáwọn ọdẹ. Ó wò ó títí, ó ní látìgbà tóun ti ń tajà òun ò rí irú ẹ̀ rí. Níbo ni wọ́n ti ń rí idẹ yìí? Ṣé èèyàn lè tún èyí tó wà nílẹ̀ kì?

Ọmọ Ọdẹ Ìkòròdú (ọjọ́ Àìkú, aago 9:05 alẹ́)

Ẹ kú oríire o! Ìbọn tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú àjà, Ògún ló bá yín ṣọ́ ọ. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá tó bí wọn. Lójú tèmi, kò yẹ kó le. Ẹ wá ẹ̀tù, ẹ dà á sínú kòròfo, ẹ fi òwú tẹ̀ ẹ́, ẹ fi òjé lé e. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe ṣakabùlà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ohun tó ń ṣáná nídìí ọta nìkan ni mi ò mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i.

Ẹ̀gbọ́n Houston (ọjọ́ Àìkú, aago 9:31 alẹ́)

Àbúrò mi ará Ìkòròdú, má bínú, jẹ́ n dá ọ dúró díẹ̀. Sùúrùlérè ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀gbẹ́ Òjúẹlẹ́gbà ni mo dàgbà sí, ṣùgbọ́n Texas ni mò ń gbé láti ọdún 22 sẹ́yìn. Mo ní Martini-Henry kan níbí, ìbọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ irú tiyín, òfin ibí gbà mí láyè, èmi fúnra mi ni mo sì máa ń kì ọta ẹ̀. Ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, kòròfo mẹ́fà yẹn, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kì wọ́n. Láyé ìgbà yẹn, ohun tó ń ṣáná nídìí ọta máa ń ní mẹ́kúrì nínú. Bí wọ́n bá ti yìn ín, mẹ́kúrì yẹn lè wọ inú idẹ, idẹ ọ̀hún á wá di ohun tó ń fọ́ bí àpáàdì. Lójú, ó lè máa dán. Tẹ́ ẹ bá tún yìn ín, ìdí ẹ̀ lè ya, gáàsì gbígbóná á gba ẹ̀yìn jáde sójú ẹni tó gbé ìbọn léjìká. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdọ̀tí ẹ̀tù dúdú máa ń fa omi mọ́ra. Àwa tí à ń kì í, ọjọ́ tá a bá yìn ín náà la máa ń fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ kòròfo. Tiyín ti wà pẹ̀lú ìdọ̀tí yẹn látọjọ́ ìsìnkú ìyá àgbà.

Ìbọn fúnra ẹ̀ náà ńkọ́? A ò tíì mọ bí inú ẹ̀ ṣe rí. Kódà a ò tíì mọ̀ bóyá Enfield, iléeṣẹ́ ìbọn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é lóòótọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ kan wà lágbègbè Khyber, lẹ́bàá Afghanistan, tí wọ́n fọwọ́ rọ Martini púpọ̀ láyé àtijọ́, tí wọ́n sì tẹ adé àti ọdún èké sí i. Nígbà míì wọ́n á kọ lẹ́tà N sódì. Ẹ wo N inú Enfield yẹn dáadáa. Tẹ́ ẹ bá lè ya fọ́tò, ẹ fi síbí.

Amòfin Yábàá (ọjọ́ Àìkú, aago 10:02 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ ẹ̀tù, ẹ gbọ́ èyí ná.

Firearms Act ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta ní Nàìjíríà. Èyí tó léèwọ̀ pátápátá wà, àfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ìbọn ti ara ẹni wà, bí olójú-méjì àti ráífù tí wọ́n fi ń ṣọdẹ. Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ló ń fúnni níwèé àṣẹ ìyẹn. Ẹ̀kẹta ni ìbọn tí à ń kì lẹ́nu, Kọmíṣọ́nà Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ tiẹ̀. Àwọn bàbá wa rò pé ìbọn tó bá ti gbó, inú ọ̀nà kẹta ló bọ́ sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbọn tí à ń kì lẹ́yìn kò sí níbẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ìwé àṣẹ ìbọn kì í sì í ṣe ilẹ̀ tí à ń jogún. Bí bàbá àgbà bá tiẹ̀ nìwé nígbà ayé wọn, orúkọ wọn ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kíkì ńkọ́? Òfin kan náà ni kò jẹ́ kéèyàn jókòó sí ilé ẹ̀ kó máa ṣe ìbọn tàbí ọta láìgbàṣẹ. Ẹni tí wọ́n bá sì ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìníwèé, òfin Robbery and Firearms fi náírà 20,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10 lé e lórí, tàbí méjèèjì pọ̀. Wọn kì í béèrè bóyá ogún bàbá ẹni ni.

Nítorí náà, Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ má gbé ìbọn yẹn jáde. Ẹ má fi sí búùtù ọkọ̀, ẹ má wọ dánfó pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ lẹ́tà, kí agbẹjọ́rò fọwọ́ sí i, ká mú lẹ́tà náà lọ sí oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìkẹjà, ká ní kí ọlọ́pàá fúnra wọn wá wò ó nílé. Ẹ kọ kòròfo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà sínú lẹ́tà. Mo lè bá yín kọ ọ́, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀.

Ọmọ Ọdẹ Ìkòròdú (ọjọ́ Àìkú, aago 10:20 alẹ́)

Amòfin, ẹ ṣé. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Tiwa ní ìwé, Kọmíṣọ́nà ló fún bàbá mi, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ronú débẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó (ọjọ́ Ajé, aago 6:15 àárọ̀)

Ẹ ṣé gan-an. Amòfin, mo ti fi nọ́ńbà ránṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí lálẹ́ àná tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, mi ò lè sùn. Mo ti ti àpótí yẹn, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò rèé. N náà kò dorí kodò. Ṣùgbọ́n ẹ wo kòròfo tó wà lápá òsì pátápátá, ó ti ya látọrùn débi èjìká. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ ni a bá a nínú àpò.

Àjàní Onílẹ́ẹ̀tì (ọjọ́ Ajé, aago 7:48 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Mushin ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ léètì ni mo fi ń gbẹ́ irin àti idẹ. Mo rí fọ́tò yẹn, ó sì ń jọ mí lójú, torí idẹ kì í déédéé ya. Ẹ̀yin ará, ṣé àdán wà ní àjà yẹn?

Mo tún fẹ́ béèrè lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣe é o, Amòfin ti sọ̀rọ̀. Tí mo bá ra ọ̀pá idẹ ní Òwódé Onírin, tí mo gbẹ́ inú ẹ̀, tí mo gbẹ́ ara ẹ̀ bó ṣe wà nínú fọ́tò, kí ló kù tí kò fi ní dọ́gba pẹ̀lú ti Kynoch?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó (ọjọ́ Ajé, aago 8:02 àárọ̀)

Àdán kún ibẹ̀ fọ́fọ́! Àwọn káfíńtà lé wọn fún odindi ọjọ́ kan. Báwo lẹ ṣe mọ̀?

Ẹ̀gbọ́n Houston (ọjọ́ Ajé, aago 2:30 ọ̀sán)

Àjàní, o káre. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, wọ́n máa ń kó ọta pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ẹṣin. Tí àkókò òjò bá dé, kòròfo á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ́rùn fúnra ẹ̀. Ìtọ̀ ẹṣin ló fà á. Ìtọ̀ tó bá ti kan máa ń tú ammonia, gáàsì tó ń ta imú, sínú afẹ́fẹ́. Idẹ tí wọ́n fi tipá tẹ̀ ní ìdààmú nínú ara, pàápàá ní ọrùn tí wọ́n ti fún un, ammonia yẹn pẹ̀lú ọ̀rinrin á wá rí ibi tó máa gbà wọlé. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ àdán náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Torí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun idẹ tó ṣe iyebíye, ẹ má gbé e sí àjà tí àdán wà.

Ọ̀rọ̀ léètì: kòròfo gidi, wọn kì í gbẹ́ ẹ látinú ọ̀pá. Bàbà 70 nínú ọgọ́rùn-ún, zinc 30, ni wọ́n yọ́ pọ̀. Wọ́n á gé e pẹlẹbẹ bí owó, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ di ife, wọ́n á máa fà á gùn díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa fi iná rọ̀ ọ́ láàárín. Nígbà tó bá parí, ìdí ẹ̀ á le, ó gbọdọ̀ le. Ọrùn ẹ̀ á rọ̀. Tí wọ́n bá yìn ín, ọrùn tó rọ̀ yẹn á wú fẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ògiri ihò, á dí ọ̀nà gáàsì, lẹ́yìn náà á súnkì padà kó lè jáde. Ọ̀pá idẹ ọjà tí wọ́n sọ pé ó dára fún léètì máa ń ní òjé nínú kó lè rọrùn gbẹ́. Ìwọ náà mọ bí èérún ẹ̀ ṣe ń já pẹ́pẹ̀pẹ́. Ohun tó ń já bẹ́ẹ̀, kì í wú, yíya ló máa ya.

Àjàní Onílẹ́ẹ̀tì (ọjọ́ Ajé, aago 3:10 ọ̀sán)

Ó yé mi wàyí. Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Irin tá a bá mú gbóná tá a sì rì bọ omi, líle ló ń le. Ṣé tẹ́ ẹ bá ń fi iná rọ idẹ, ẹ kì í rì í bọ omi ni?

Ẹ̀gbọ́n Houston (ọjọ́ Ajé, aago 3:22 ọ̀sán)

Ìbéèrè alágbẹ̀dẹ tòótọ́! Idẹ kò gba ìwà irin. Tó bá ti gbóná débi tó yẹ, ó ti rọ̀ náà nìyẹn, ẹ rì í bọ omi o, ẹ jẹ́ kó tutù fúnra ẹ̀ o, bákan náà ni. Omi tí àwa ń lò, nítorí kí ooru má bàa sọ̀kalẹ̀ dé ìdí ni. Tí ìdí kòròfo bá rọ̀, ó ti di ohun à ń jù nù.

Olùkọ́ Ìtàn, Akọka (ọjọ́ Ajé, aago 5:50 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un ní ṣókí, torí mo rí i pé ẹnìkan ti ń sọ níkọ̀kọ̀ fún Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó pé ìbọn yẹn ti ja ogun Kírìjì. Ọdún 1881 tí wọ́n fín sí i kò tó ẹ̀rí. Òótọ́ ni pé ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì parí pátápátá títí di 1893, àti pé àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà ní Èkó ló ń fi ìbọn tí à ń kì lẹ́yìn ránṣẹ́ sílé. Ìró ìbọn lórí òkè ló fún ogun náà lórúkọ. Ṣùgbọ́n ìbọn gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá ní Èkó. Àwọn ọmọ ogun Haúsá tí Glover, tó ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, kó jọ wà níbí, ìtàn wọn ló so mọ́ orúkọ Ọbalẹ́ńdé, Ọba lé wa dé. Ogun Ìmàgbọ̀n ní oṣù Karùn-ún 1892, Èkó ni wọ́n ti gbéra lọ bá Ìjẹ̀bú. Ìbọn tí ìjọba bá sì lò gbó, wọ́n lè tà á. Ẹ bi Bàbá léèrè iṣẹ́ tí bàbá wọn ṣe, ẹ tẹ ohùn wọn sórí fóònù. Ìyẹn ló ṣọ̀wọ́n ju ìbọn lọ.

Tí ọlọ́pàá bá gbà, Mùsíọ́mù Oníkan wà nítòsí yín. Kenneth Murray ló dá a sílẹ̀ ní 1957. Ibẹ̀ ni màá fẹ́ kí ìbọn yẹn parí sí.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:30 alẹ́)

Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ sí Bàbá létí, títí kan ti àdán. Inú wọn ò dùn pé ìbọn yẹn ò ní dún mọ́, mi ò lè purọ́ fún yín. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí n gbé oúnjẹ kúrò níwájú àwọn. Ìgbà tó ṣe, wọ́n ní kí n bi Ẹ̀gbọ́n Amẹ́ríkà léèrè ibi tóun ti ń rí idẹ tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ ọ́ kúnná, torí màá tún kà á fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n Houston (ọjọ́rú, aago 1:15 òru)

Ẹ bá mi kí Bàbá o. Ẹ ní mo dọ̀bálẹ̀.

Bàbá, ọdún 1871 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìbọn yìí fáwọn ọmọ ogun wọn. Martini ló ronú ìdí tó ń ṣí yẹn, Henry, ará Edinburgh, ló fín ìlà tó yí inú ẹnu ìbọn ká. Ọta tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún un kì í ṣe odidi idẹ bíi tiyín. Ewé idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, wọ́n ká a bí ẹni ká ẹní, wọ́n wá fi irin pẹlẹbẹ ṣe ìdí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilẹ̀ Sudan ní 1884 sí 1885, ooru àti iyanrìn bá a jà, ewé idẹ ń lẹ̀ mọ́ inú ìbọn, ìdí á já, ara á kù sínú, ọmọ ogun á sì máa fi ọ̀bẹ wa ọta jáde lójú ogun. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gba odidi idẹ láyè. Iléeṣẹ́ tí George Kynoch dá sílẹ̀ ní Witton, ní Birmingham, wà lára àwọn tó ṣe é, òun lẹ rí orúkọ ẹ̀ nídìí kòròfo.

Wàyí o, ta ló ń ṣe é lónìí? Iléeṣẹ́ Bertram ní Ọsirélíà ṣe é, ó dára, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ga, ó sì máa ń tán kéèyàn tó dé ibẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà ni ti kòròfo ṣọ́tígọ́ọ̀nù. Èyí tẹ́ ẹ mọ̀ nílé ni 12. Èyí tí ẹnu ẹ̀ kéré ju ìyẹn lọ wà, 24 ni wọ́n ń pè é, kò wọ́pọ̀ rárá, iléeṣẹ́ CBC ní Brazil ń ṣe é ní idẹ odidi, Magtech ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Ìdí àti ètè ẹ̀ sún mọ́ ti Martini-Henry débi pé ẹni tó bá ní sùúrù lè sọ ọ̀kan di èkejì. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wá kòròfo mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Gbogbo ibi tí mo bá pè, wọ́n á ní ó ti tán, kí n padà wá. Bàbá arúgbó kan tí mo bá pàdé níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ ìbọn àtijọ́ ló tà á fún mi, torí ojú ẹ̀ kò ríran mọ́ láti máa kì í.

Kòròfo 24 dúró ṣánṣán, kò lọ́rùn. Èmi ni mo ní láti fún un lọ́rùn. Mo máa ń fi iná rọ òkè ẹ̀ nínú òkùnkùn kí n lè rí àwọ̀ iná dáadáa, kó má pọ̀ jù. Màá wá fi òróró pa á lára, màá tẹ̀ ẹ́ wọ inú mọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, ó fún díẹ̀. Màá tún fi iná rọ̀ ọ́, mọ́ọ̀dù kejì, títí tó fi máa bọ́ sí bí ìgò tẹ́ ẹ rí un. Ibẹ̀ ni sùúrù wà. Tí mo bá kánjú, èjìká ẹ̀ á ká jọ bí aṣọ tí wọn ò lọ̀, kò sì sí ohun tó lè nà án mọ́. Nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́, mẹ́rin ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó dùn mí gan-an, torí mo rántí oṣù mẹ́jọ yẹn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń kì sínú ẹ̀ ni ẹ̀tù dúdú tó wọn gíráàmù márùn-ún àbọ̀, òjé tó wọn gíráàmù 31 sì wà lókè ẹ̀. Tánńganran díẹ̀ wà nínú òjé yẹn kó lè le, wọ́n fi pépà wé e, ìda oyin sì wà láàárín òun àti ẹ̀tù kí ìdọ̀tí inú ìbọn má bàa gbẹ. Àbúrò mi Ìkòròdú, ibi tí ọ̀rọ̀ ṣakabùlà àti ti Martini ti yà síra nìyí. Kò gbọdọ̀ sí àlàfo láàárín ẹ̀tù dúdú àti òjé. Tí àlàfo bá wà, ìbọn lè wú tàbí kó fọ́. Ẹ̀tù ìgbàlódé tí kì í rú èéfín kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá, agbára ẹ̀ ju ohun tí irin ayé yẹn lè gbà lọ. Ìwé tí àwọn tó ti dán an wò kọ ni mo máa ń tẹ̀ lé. Ọwọ́ mi ò dá méjì lórí ìyẹn.

Bàbá, ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Ìbọn yín kò ní dún mọ́, ṣùgbọ́n tèmi lè dún. Iléeṣẹ́ kan náà ni wọ́n tẹ̀ sí i lára, Enfield, 1879. Ọta kan náà ni. Tẹ́ ẹ bá fún mi láyè títí di ọjọ́ Sátidé, màá yìn ín lẹ́ẹ̀mẹfà ní orúkọ ìyá àgbà, màá sì fi makirofóònù tó dára gba ohùn ẹ̀.

Àjàní Onílẹ́ẹ̀tì (ọjọ́rú, aago 6:40 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn.

Amòfin Yábàá (ọjọ́ Ẹtì, aago 4:05 ìrọ̀lẹ́)

Kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé: ọlọ́pàá wá sílé lánàá, wọ́n hùwà dáadáa, ọ̀gá wọn jókòó ti Bàbá fún bí wákàtí kan. Wọ́n ti gba ìbọn àti kòròfo mẹ́fà sọ́wọ́, ìwé tí wọ́n fi gbà á wà lọ́wọ́ mi. A ti kọ lẹ́tà kejì pé kí wọ́n jẹ́ kó lọ sí Oníkan. Èmi ni màá máa tẹ̀ lé ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Houston (ọjọ́ Sátidé, aago 9:50 alẹ́)

Mo ti ṣe é. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló dún, kò sí èyí tó ya. Èjìká mi ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ìbọn yẹn ń tapá bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Mo ti fi ránṣẹ́ sí Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó (ọjọ́ Àìkú, aago 3:20 ọ̀sán)

Lẹ́yìn tá a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn lórí fóònù. Wọ́n tẹ́tí, wọ́n mirí, wọ́n ní kì í ṣe òun. Ọkàn mi bàjẹ́. Wọ́n ní ti bàbá àwọn kì í dún lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́, ó máa ń lu ògiri lọ, á lu ògiri bọ̀, á sì gba ọ̀nà tóóró lọ títí dé etí ọ̀sà.

Mo ronú sí i. Pápá ni Ẹ̀gbọ́n ti yìn ín, kò sí ògiri níbẹ̀. Mo bá lọ bẹ àwọn ará ilé kejì, mo ṣàlàyé fún wọn kí wọ́n má bàa sá, mo sì yá sípíkà ńlá lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń ṣe DJ ní àdúgbò wa. Mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí bàbá àgbà dúró sí gan-an. Bàbá ní kí n gbé àga àwọn lọ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi táwọn wà nígbà yẹn. Mo tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ẹ̀kejì dún, wọ́n gbá ọwọ́ mi mú. Wọ́n ń kà á sókè títí ó fi pé mẹ́fà, wọ́n wá ń ki ìyá àgbà ní oríkì, èyí tí mi ò gbọ́ rí láyé mi. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù bí Olùkọ́ ṣe ní kí n ṣe.

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n rán mi sí yín. Wọ́n ní ẹ bá àwọn fín Àdùkẹ́ sídìí kòròfo tó kọ́kọ́ dún.

Ẹ̀gbọ́n Houston (ọjọ́ Àìkú, aago 3:41 ọ̀sán)

Mo ti mú un sọ́tọ̀, mo ń fín in lọ́wọ́. Ẹ sọ fún Bàbá pé èyí, mi ò ní kì í mọ́.